Bí Ìjọ Bá Fẹ́ Pàgọ́ Láàárín Òkè: Ètò Ìrìn-àjò láti Yábà sí Ìkògòsì

Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Yábà, Súrùlérè àti Mùṣín ló ń fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ wọn kúrò nínú ariwo ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n lè gbàdúrà, kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run lórí òkè àti nínú igbó. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ kámpù ní Èkó, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni àwọn ibùdó ńláńlá ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, irú èyí tí Ìjọ Rìdíìmù ti ní ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1983. Níbẹ̀, iná wà, ilé ìwòsàn wà, a sì lè rí búrẹ́dì rà ní ọ̀gànjọ́ òru. Àárín òkè Èkìtì kò rí bẹ́ẹ̀, ètò tí a fi ń lọ sí ti àkọ́kọ́ kò sì lè tó fún ti èkejì. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún ìgbìmọ̀ ìjọ, fún àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti fún àwọn òbí.

Ìkògòsì la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú kékeré ni, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, òkè tí igi bò sì yí i ká. Ìsun omi méjì ló sọ ọ́ di olókìkí: ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, wọ́n sì pàdé níbì kan tí ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ omi á ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Àwa Kristẹni kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1950 ni àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ibùdó níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì kọ́ ilé ibùsùn sí ẹ̀bá ìsun náà lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ pàápàá ní ìtàn. A ó gba Iléṣà, níbi tí ìsọjí ọdún 1930 ti bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè. A ó gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1959. Bí olùkọ́ kan bá lè sọ ìtàn yẹn dáadáa nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ kò ní sùn.

Ọjọ́ tí a ó lọ ni kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń yan oṣù Kẹjọ nítorí ìsinmi ilé-ìwé. Òjò kò tíì tán nígbà náà. Àpáta ń yọ̀, odò sì lè kún lójijì nítorí òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí ẹni tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ kò rí. Lójú tiwa, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun ló sàn jù: ilẹ̀ gbẹ, ilé-ìwé kò tíì wọlé, àwọn tó lọ ṣọdún sì ń padà sí Èkó nígbà tí àwa ń jáde. Kí a jáde ní ọjọ́ Ajé, kí a padà ní Ọjọ́bọ̀, kí ìsìn alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù má baà há wa mọ́ ojú ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ewu tirẹ̀. Ewé gbẹ, oko kòkó sì wà káàkiri ibẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ná kan láti ibi tí a dáná yí ká tí a ń kọrin lè jó iṣẹ́ ogún ọdún àgbẹ̀ kan. Orí ilẹ̀ tí a ti ro dáadáa ni kí a dáná sí, kí omi wà nítòsí, kí a sì pa á pátápátá kí a tó sùn. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, máa ń pọ̀ sí i ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá Èkìtì pààlà sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Eku ló ń gbé e kiri. Nítorí náà, inú ike onídèérí ni kí gàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì wà, kì í ṣe inú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Òru gan-an ni ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé. A ó mọ ẹni tí yóò wàásù ní àárọ̀, a ó mọ ẹni tí yóò lu ìlù, ṣùgbọ́n a kì í béèrè ohun tí ọmọ Mùṣín kan yóò fi bora ní aago mẹ́ta òru nígbà tí ọyẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ọyẹ́ ibẹ̀ le ju ti Èkó lọ. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mú aṣọ òtútù kan, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìbora tó nípọn. Òkìrìkà Yábà kún fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ju ìrọ̀rùn lọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè ní ìrora tó le gan-an bí òtútù bá mú un, bí kò bá mu omi tó, tàbí bí ó bá gun òkè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọyẹ́ àti eruku rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ní ikọ́-fée pẹ̀lú. A kò sọ pé kí wọ́n má lọ o. Kí òbí kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda, kí dókítà ọmọ náà mọ̀, kí oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tí a dárúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH. Kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa láti lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀.

Kí ibùsùn ọkùnrin àti ti obìnrin yàtọ̀, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá, ìbáà ṣe pásítọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ jáde lóru, kí ó wọ bàtà, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì, nítorí ejò. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, kí a má gé ojú ibẹ̀, kí a má fi ẹnu fà á, kí a má sì dì í pinpin. Kí ẹni náà má rìn. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ ibẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní oògùn oró ejò, nítorí náà láti Yábà ni kí a ti pè láti béèrè. Kí ọkọ̀ kan àti awakọ̀ rẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ ní gbogbo òru.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Ó ju igba kìlómítà lọ. Kí a kúrò ní Yábà ní aago márùn-ún ìdájí, kí a sì ti dé kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró ní Emùrè-Èkìtì nígbà tí ó ń gbé àwọn ọmọ padà sílé, wọ́n sì kó ọmọ àti olùkọ́ lọ; ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí agbègbè yẹn gbọ́dọ̀ bá àwọn ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti ààfin ìlú sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí wọ́n bá ní kí a sún un síwájú, kí a sún un. Kí akápò má tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ìdáhùn wọn yóò fi dé, tí ẹni tó ń mójú tó ibùdó náà yóò sì ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí William Smith, olùdásílẹ̀ Boys' Brigade, kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ láti Glasgow lọ sí kámpù wọn àkọ́kọ́ ní Tighnabruaich ní ọdún 1886, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n sùn. Àgọ́ kò sí níbẹ̀. Ìjọ tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní láti tijú láti ṣe bákan náà. Kí ó sì tó di ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń lọ sùn nínú gbọ̀ngàn ìjọ ní alẹ́ kan, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, kí ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní, èyí tó ń rìn lójú oorun, èyí tí òkùnkùn ń bà lẹ́rù, gbogbo ohun tí òbí kò kọ sínú ìwé ìyọ̀ǹda ni yóò hàn kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ilé àwọn òbí wọn ṣì wà nítòsí.