Ẹ̀ṣẹ̀ Ìgbà Èwe àti Ìwé Àṣẹ Ìbọn

Ẹ jẹ́ kí a fi olùgbé Ìdí-Àràbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún 30, ó sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, ó jà, wọ́n sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé. Ǹjẹ́ ìjà àtijọ́ yẹn lè dí i lọ́nà?

Ọlọ́pàá ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ yìí, kì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gbà kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Ó tún yọ ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá tàbí ìhalẹ̀ ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ọdún 5 ni òfin wí, kì í ṣe títí ayé.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 tún dáàbò bò ó: a kì í pe ọmọ tí ilé-ẹjọ́ náà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹni tí a dá lẹ́bi, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àṣírí.

Síbẹ̀, ọlọ́pàá lè kọ̀. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ má ṣe purọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ẹ má sì ra ìbọn ṣáájú ìwé àṣẹ, nítorí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 lè tẹ̀lé e. Ṣakabùlà pàápàá ń fẹ́ ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ogún bàbá yín.