Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ọ̀nà Márosẹ̀ Wa

Bí ènìyàn bá wọ gáréèjì l'Ékòó, tó ní A121 lòun ń bá lọ, àwọn awakọ̀ yóò kàn máa wò ó ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti dárúkọ Òrè, wọn yóò ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Títì kan náà ni.

Lẹ́tà A tó ṣáájú nọ́ńbà náà jẹ́ àmì pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà yẹn. B ni ti ìpínlẹ̀, C sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà síwájú, kí ẹ máa wò ó láti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ sí ìlà-oòrùn: òpó mẹ́rin ni ẹ ó rí, tí wọ́n dúró láti gúúsù lọ dé àríwá. A1 gbéra l'Ékòó, ó gba Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ó sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà, ó sì gba Sokoto dé Illela tó wà ní ẹnubodè orílẹ̀-èdè Niger. A2 gba Bìní àti Lọ́kọ́ja lọ sí Kàdúná àti Kano. A3 ti Port Harcourt gba Enugu, Makurdi àti Jos. A4 ti Calabar gba ẹ̀gbẹ́ ààlà Kamẹrúùnù lọ. Maiduguri ni àwọn méjì ìkẹyìn yìí ti ń pàdé.

Ibi tí ọgbọ́n ètò náà wà gan-an ni àwọn ọ̀nà tó so òpó kan mọ́ èkejì. Ẹ má ka 121 bí ẹni ń kawó, pé mọ́kànlélọ́gọ́fà. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 1. Ó so A1 mọ́ A2, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù. Ṣàgámù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè, ó parí sí Bìní. A122 ló tẹ̀ lé e lókè: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, títí dé Bìní bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ nìyẹn títí dé A126, tó ti Sokoto gba Gusau àti Funtua dé Zaria. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé A232 fún òun, ìyẹn ọ̀nà Bìní sí Enugu tó gba orí afárá Onitsha. Mo fẹ́ràn ètò yìí gidigidi, ó sì ń dùn mí pé orúkọ ìlú nìkan ni ọ̀pọ̀ pátákó ojú títì wa ń kọ. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kọṣẹ́ nínú igbó lóru nílò nǹkan kúkúrú tó lè sọ lórí fóònù, tí kò ní ṣini lọ́nà.

A5 kò sí nínú ìlànà yìí: ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn ni, orí A1 ló ti yà, orí A1 náà ló padà sí. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 sì ń jẹ́ E1 ní tirẹ̀.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà tó ju ti Nàìjíríà lọ. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ni wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, mẹ́ta nínú wọn ló sì kan Èkó: 2 láti Algiers, 7 láti Dakar, àti 8 tó lọ sí Mombasa ní Kẹ́ńyà, tó lé ní kìlómítà 6,000. A121 wà lára àwọn títì tiwa tí 8 yìí gbà. Èrò tó bá sọ̀ kalẹ̀ l'Órè láti jẹun, etí ọ̀nà Mombasa ló jókòó sí.