Abẹ́rẹ́ Mẹ́sàn-án àti Lẹ́tà ‘ẹ́’: Pírintà Alábẹ́rẹ́ nínú Ìtàn Àkọsílẹ̀ Yorùbá

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a fi mọ Ṣómólú, láti Onípáànù létí òpópó Ìkòròdú wọ inú àdúgbò lọ. Lára ohun tí àwọn oníṣòwò máa ń tẹ̀ ni ìwé ọjà alábala mẹ́ta, èyí tí ohun tí a kọ sí abala àkọ́kọ́ máa ń hàn lára ìyókù. Pírintà tí ń fọ́n yíǹkì kò wúlò fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí kì í lu bébà. Pírintà alábẹ́rẹ́ ni ó bá a mu. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí pírintà alábẹ́rẹ́ yìí ti ṣe sí èdè Yorùbá. Èrò wa ni pé ó fún ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní agbára láti dá lẹ́tà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tó fún àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974.

Nínú ẹ̀rọ táípù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó ní irin tirẹ̀. Èyí tí kò bá sí lórí irin, gègé ni a ó fi parí rẹ̀. Pírintà alábẹ́rẹ́ kò ní irin lẹ́tà rárá. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tò lóòró sí orí rẹ̀. Bí orí náà ti ń sáré kọjá, iná mànàmáná a ti abẹ́rẹ́ tí ó yẹ síwájú, a lu ríbọ́ọ̀nù, a fi kókó yíǹkì kan sílẹ̀, a sì padà. Àkójọ kókó wọ̀nyí ni ojú ń rí bí lẹ́tà.

Iléeṣẹ́ Centronics ní Amẹ́ríkà gbé Model 101 jáde ní 1970, ṣùgbọ́n MX-80 tí Epson ti Japan ṣe ní 1980 ni ó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun èlò ọ́fíìsì kékeré. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ni ó ní, ó sì ń tẹ lẹ́tà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní 1981, MX-80 yìí náà ni wọ́n lẹ orúkọ ara wọn mọ́. FX-80 tẹ̀lé e ní 1983. Ó ní lẹ́tà àkànṣe fún Faransé, Jámánì, Denmark, Sweden, Ítálì àti Japan. Kò sí ti Nàìjíríà. Síbẹ̀, ó gba oníṣẹ́ láyè láti to lẹ́tà tirẹ̀ ní kókó kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà ‘e’ gba ìlà kókó márùn-ún. Àmì abẹ́ rẹ̀ gba ìlà kan, àlàfo tí ó yà wọ́n gba ìlà kan: méje. Pẹ̀lú èyí, ‘ẹ’ ti ṣeé tẹ̀. Ìṣòro wà nínú ‘ẹ́’. Nínú mẹ́sàn-án, ìlà méjì péré ni ó kù fún àmì ohùn. Bí a bá lo méjèèjì, àmì náà a lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, a sì dà bí àbààwọ́n. Bí a bá fi ọ̀kan ṣe àlàfo, ìlà kan ṣoṣo kò lè fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì: àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ di ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó mú ìwé ọjà kan tí a tẹ ‘owo’ sí. Owó ni, òwò ni, ọwọ́ ni, àbí ọ̀wọ̀?

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó kàn nira ni. A lè tẹ ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí a sún bébà díẹ̀ láàárín. Tàbí kí a tẹ odidi ojú ewé bí àwòrán, èyí tí ó ń falẹ̀ gidigidi. LQ-1500 tí Epson gbé jáde ní 1984 mú abẹ́rẹ́ 24 wá. Lẹ́tà kò ga jù ti tẹ́lẹ̀ lọ; abẹ́rẹ́ ni ó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, àyè sì tó fún àmì òkè àti ti abẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpínyà láàárín lẹ́tà àti ohùn kò kúrò nílẹ̀. Nínú Unicode, ‘ẹ’ ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti 1993, ṣùgbọ́n ‘ẹ́’ kò ní: nọ́ńbà méjì ni a ń tò tẹ̀ léra, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún àmì ohùn.