ỌMỌ KÌ Í ṢE ỌJÀ: Kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ sókè òkun kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ta ẹja tàbí ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Púpọ̀ nínú wa ló ní ẹbí lókè òkun. Nínú wọn, a rí tọkọtaya tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá, tí Ọlọ́run ò tíì dá lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sú wọn, ilé ni wọ́n ń tẹ̀ láago sí: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọmọ kan tí a lè gbà ṣọmọ." Ìyá náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàkiri láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Títọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ṣàjèjì sí wa. Ènìyàn kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò, ọmọ-ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbà tọ́ lọ́tọ̀, ọmọ tí a gbà ṣọmọ lọ́tọ̀. Ọmọ tí a gbà tọ́ mọ ilé bàbá rẹ̀, ó lè padà síbẹ̀ nígbàkígbà. Èyí tí a gbà ṣọmọ nílé ẹjọ́ ti di ọmọ ẹni pátápátá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún bí ọmọ tí a bí. Tó bá wá tún wọ ọkọ̀ òfuurufú, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi èdè, oúnjẹ àti gbogbo ojú tó mọ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ̀kọ́ ṣáájú, kí ọmọ tó tẹ̀ lé e.

OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Láti bí ọdún 1950 sí 1990, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó ló bímọ síbẹ̀. Ìwé kíkà pẹ̀lú iṣẹ́ gba gbogbo àkókò wọn, kò sì sí ìyá àgbà nítòsí tó máa gbé ọmọ pọ̀n. Ni wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Àwọn ìdílé òyìnbó gba àwọn ọmọ náà, wọ́n ń gba owó lórí wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yìí kọjá. Àwọn kan rí ìtọ́jú, àwọn mìíràn jìyà.

Gbajúmọ̀ òṣèré nì, Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, wà lára wọn. London ni wọ́n bí i sí ní 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sílé ní ọmọdé, kò gbọ́ Yorùbá, ilé bàbá rẹ̀ di ilé àjèjì sí i. Wọ́n dá a padà. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi pé ó dara pọ̀ mọ́ àwọn jàǹdùkú òyìnbó tó ń lu aláwọ̀ dúdú. Orí bá a ṣe é, ó padà kàwé, ó sì fi ìtàn náà ṣe fíìmù tó pè ní Farming ní 2018.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Kì í ṣe pé àwọn òbí ìgbà náà kórìíra ọmọ wọn. Wọn ò mọ ohun tí irú ìyapa bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ọmọ ni.

Ẹ̀KỌ́ WO NI?

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ láti orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ fún wákàtí mẹ́wàá ó kéré tán. Láti oṣù Keje 2014 ni òfin yìí ti kan orílẹ̀-èdè bíi tiwa náà. Ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ sí ìgbà tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà máa wá yẹ ilé, iṣẹ́ àti ìlera wọn wò.

Wọ́n ń kọ́ wọn pé ọmọ náà á máa ṣọ̀fọ̀. Ó lè máa sunkún lóru, ó lè máa kó oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó lè máà jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe àjẹ́. Ẹ rántí Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní London. Wọ́n ní ẹ̀mí èṣù wà lára rẹ̀, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi kú ní oṣù Kejì 2000.

Wọ́n tún ń kọ́ wọn láti sọ òtítọ́ fún ọmọ láti kékeré. Bí ọmọ ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Bí òbí ò bá sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, aládùúgbò á sọ ọ́ lọ́jọ́ ìjà, ọgbẹ́ tó máa dá sọ́kàn ọmọ kì í tètè jinná.

ÒFIN ILÉ WA

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní Àbújá ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin 2003 náà sọ pé:

• Tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 25. Ẹni tí kò bá ní ọkọ tàbí aya gbọ́dọ̀ ti pé 35, obìnrin á gba obìnrin, ọkùnrin á gba ọkùnrin.
• Ẹni tó ń gba ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ, kó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.
• Ó gbọ́dọ̀ ti sọ fún wẹ́fíà ní oṣù 12 ṣáájú, kí ọmọ náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó lè fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì wá gbé ọmọ lọ.

Ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni òfin náà kà sí i lọ́rùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá tú aboyún 19 sílẹ̀ nínú àwọn ilé kan ní Èkó níbí, níbi tí wọ́n kó wọn sí kí wọ́n lè ta ọmọ wọn. Nígbà tó di 12 oṣù Kẹta 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dí ọ̀nà gbígba ọmọ láti Nàìjíríà. Iṣẹ́ àwọn oníṣòwò ọmọ ló mú kí ọ̀nà há mọ́ olóòótọ́.

KÍ NI ÌYÁ ỌLỌ́JÀ LÈ ṢE?

Bí ọmọ yín bá tẹ̀ yín láago, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ bá wẹ́fíà ìlú tó wà, kó béèrè bóyá òfin wọn gbà á, kó sì gba ẹ̀kọ́. Ní tilé, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìgbáyégbádùn ní Alausa, Ìkẹjà, ni ẹ ó lọ. Ẹ má lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò, ẹ má lọ bá wòlíì. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó, kí ẹ sọ bóyá akọ tàbí abo lẹ fẹ́, tàbí tó ní kí ìyàwó di aṣọ sí ikùn bí aboyún, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá tàbí NAPTIP. Bí ọmọbìnrin kan bá lóyún láàárín wa tí kò sí alátìlẹ́yìn, ẹ mú un lọ sí wẹ́fíà kí àwọn oníṣòwò ọmọ tó rí i.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. Bí ọmọ náà bá dé inú ẹbí, ẹ má pè é ní "ọmọ tí wọ́n gbé wá." Ẹ bá a sọ Yorùbá lórí fóònù, kó mọ̀ pé òun ní ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá ọkọ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́.

Kò sẹ́ni tó máa wọ ọkọ̀ sórí ọ̀sà láìbéèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Ọ̀nà tí ọmọ tí a gbà máa rìn jìn ju ọ̀sà lọ. Ẹja la máa ń ná lọ́jà Olúwo, a kì í ná ọmọ. Ọlọ́run á fi ọmọ rere dá gbogbo ẹni tó ń wá a lọ́lá o. Àṣẹ.