Ìlà Kan Tó Lé, Ìwọ̀ Kan Tó Dín: Àkọlé Ààfin Ilẹ̀ Ṣáínà

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a kọ́ ìwé kíkọ lábẹ́ àwọn olùkọ́ àtijọ́ tí kò mọ ohun tí yíǹkì pupa jẹ́. Àmì orí kan tí a gbàgbé, lẹ́tà kan tí a kọ lé, kíá ni olùkọ́ yóò ti fi yíǹkì pupa yí i ká. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà wá nígbà tí a kọ́kọ́ kà pé ní ìlú Chengde, ní àríwá ilẹ̀ Ṣáínà, pátákó àkọlé kan wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin, tí olú-ọba fúnra rẹ̀ kọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní àṣìkọ tó tóbi jù lọ láyé. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí olú-ọba ti kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. A fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa àti ẹ̀yin òbí ìdí tí kò fi sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ tí à bá tún ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìwé kíkọ ilẹ̀ Ṣáínà kò ní a, b, d bíi tiwa. Àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan tàbí ìdá kan nínú ọ̀rọ̀, ó sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ìlà òòró, ìlà ìbú, ìlà tó dagun, ẹ̀kán tàdáwà àti ìwọ̀ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ni wọ́n fi ń kọ àmì náà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iye ìlà tó wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan àti èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ fà. Ẹ wo àmì yìí: 大. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ńlá». Bí a bá kán tàdáwà kan sí abẹ́ rẹ̀, ó di 太, «àpọ̀jù». Bí a bá gbé ẹ̀kán kan náà sí èjìká rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó di 犬, ajá nìyẹn. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní bú wọn.

Ní ọdún 1703 ni Olú-ọba Kangxi, ti ìran ọba Qing, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin Chengde, níbi tí òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ yóò máa sá sí nígbà tí ooru bá mú ní Beijing. Ní ọdún 1711 ni ó fi gègé onírun kọ orúkọ ibẹ̀, àmì mẹ́rin, tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ ilé orí òkè tí a ti ń sá fún ooru. Àmì àkọ́kọ́, 避, «láti sá fún», ni gbogbo àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ní apá ọ̀tún rẹ̀, nísàlẹ̀, ibi tí ìlà ìbú méjì yẹ kí ó wà, mẹ́ta ni olú-ọba fà síbẹ̀.

Ìtàn tí àwọn ènìyàn fi ń dá ara wọn lára yá ni pé olú-ọba ṣèèṣì ni, àti pé kò sí ìjòyè tó láyà láti sọ fún un. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ nípa rẹ̀. Kangxi yìí kan náà ni ó pàṣẹ ní ọdún 1710 pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìjọba rẹ̀. Ọdún 1716 ni wọ́n parí rẹ̀, àmì tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ 47,035. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìwé náà. Àárín ọdún tí iṣẹ́ ńlá yẹn ń lọ lọ́wọ́ gan-an ni ó kọ pátákó Chengde. Ó ṣòro fún wa láti gbà pé ẹni tó ń ṣètò gbogbo àmì ilẹ̀ náà kò mọ iye ìlà tó wà nínú ọ̀kan ṣoṣo.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju ìtàn lọ. Lára àwọn òkúta àkọlé tí wọ́n gbẹ́ ní ayé ìran ọba Wei ti àríwá àti ti ìran ọba Tang, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Kangxi nígbà mìíràn, a ń rí àwọn àmì tí apá yẹn wà nínú wọn, tí wọ́n fi ìlà mẹ́ta kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gègé onírun lò nílẹ̀ Ṣáínà, òkúta wọ̀nyí ni yóò máa wò kọ. Yóò tẹ́ bébà lé òkúta, yóò fi tàdáwà pa á kí àkọlé náà lè jáde, yóò wá jókòó tì í fún ọdún mélòó kan títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dà bí ọwọ́ àwọn àgbà. Bí àgbà bá fa ìlà mẹ́ta, òun náà yóò fa mẹ́ta. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni wọ́n ní láti kọ ọ̀rọ̀ kan náà: èyí tó wà nínú ìwé títẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ́, àti èyí tí ọwọ́ àwọn àgbà gégẹ́ fi sílẹ̀ lára òkúta. Olú-ọba mọ méjèèjì, ó sì mú èyí tó wù ú. Ẹni tó bá rí «aiye» àti «enia» lára òkúta ìpìlẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ wa, tó sì sọ pé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ̀wé, irú ẹjọ́ àṣìdá bẹ́ẹ̀ ni ó dá.

Èyí tó dín kù ni a ó kàn báyìí. Ní Ìlú Èèwọ̀, ààfin ńlá tó wà ní Beijing, tí wọ́n kọ́ láàrin ọdún 1406 sí 1420, àmì tó ń jẹ́ «ẹnu ọ̀nà», 門, wà lórí pátákó ẹnubodè gbogbo. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé ìwé, ìlà òòró tó wà lápá ọ̀tún máa ń fi ìwọ̀ kékeré parí sí inú. Lórí pátákó ààfin, ìlà náà kàn wálẹ̀ gbọnrangandan ni. Ìwọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìtàn méjì ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Èkíní ni pé ní ayé ìran ọba Song ti gúúsù, nígbà tí ìlú Lin'an, tí à ń pè ní Hangzhou lónìí, jẹ́ olú-ìlú, iná jó ààfin, ẹnìkan sì dẹ́bi fún ìwọ̀ inú àmì «ẹnu ọ̀nà», pé òun ló fa iná wọlé. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní Zhu Yuanzhang, ẹni tó dá ìran ọba Ming sílẹ̀ ní ọdún 1368, ní kí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Zhan Xiyuan kọ àkọlé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Nígbà tí olú-ọba rí ìwọ̀ náà, ó bínú pé òun ń wá àwọn ọlọ́gbọ́n kí wọ́n wọlé, akọ̀wé yìí sì ń fi ìwọ̀ dènà mọ́ wọn. Wọ́n ní ó pa á.

A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé àmì tí kò ní ìwọ̀ ti wà tipẹ́ kí ìtàn méjèèjì tó wáyé. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé tí àwọn akọ̀wé ìjọba ń lò ní ayé ìran ọba Han, ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, 門 kò ní ìwọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí fi ìtàn rẹ́rìn-ín. Igi ni wọ́n fi kọ́ àwọn ààfin yìí. Ní ọdún 1421, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n parí Ìlú Èèwọ̀, mànàmáná dá iná sí àwọn gbọ̀ngàn ńlá mẹ́ta tó wà níwájú, wọ́n sì jóná. Ìbẹ̀rù iná kì í ṣe eré lọ́wọ́ àwọn tó ń sùn síbẹ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Qufu pẹ̀lú, ní ilé ńlá àwọn ìran Kọnfúṣíọ́sì. Lára àkọlé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àmì «ọrọ̀», 富, kò ní ẹ̀kán orí. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọrọ̀ ilé náà kò ní ìbòrí. Ìtumọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n «ọrọ̀» tí kò ní ẹ̀kán wà lára àwọn òkúta àtijọ́ bákan náà.

Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ìlà tó dín kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà tàbí ìtàn. Òfin ni, ẹ̀mí sì wà lórí rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn kọ orúkọ àbísọ olú-ọba ní pípé. Xuanye ni orúkọ àbísọ Kangxi. Ẹnubodè àríwá Ìlú Èèwọ̀ ń jẹ́ Xuanwu tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n yí i padà sí Shenwu, orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Níbi tí wọn kò bá ti lè yẹra fún àmì «xuan», 玄, wọ́n á yọ ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn kúrò. Nínú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Kangxi gan-an, àmì náà kò pé.

Ọmọ-ọmọ Kangxi, Olú-ọba Qianlong, ni ó wà lórí oyè nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Wang Xihou, ará Jiangxi, tẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ìwé Kangxi ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti lò. Nítorí kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ àwọn orúkọ tí wọn yóò yẹra fún, ó kọ orúkọ àwọn olú-ọba sílẹ̀ ní pípé, ìlà kan kò yingin. Ẹ̀kọ́ ni ó rò pé òun ń kọ́ni. Ní ọdún 1777 wọ́n mú un, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Kò sí olùkọ́ tí yóò gbọ́ èyí tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ojú máa ń fò lórí pátákó wọ̀nyí. Àwọn ọba Qing kì í ṣe ọmọ Ṣáínà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yà Manchu ni wọ́n, láti ìlà-oòrùn àríwá, wọ́n sì ní ìwé kíkọ tiwọn, tó ń ti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ọ̀dọ̀ àwọn Mọ̀ǹgólì ni wọ́n ti yá a ní ọdún 1599, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo lè dúró fún ìró méjì tàbí mẹ́ta, òǹkàwé ní láti máa méfò. Ní ọdún 1632, ọ̀mọ̀wé wọn kan tó ń jẹ́ Dahai fi tóótó àti òrùka kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ àwọn lẹ́tà náà, kí ìró kọ̀ọ̀kan lè dá yàtọ̀. Àwa tí à ń kan tóótó sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mọ iṣẹ́ tó ṣe.

Lẹ́yìn tí ìran ọba náà kógbá wọlé ní ọdún 1912, ọwọ́ ìjọba tuntun bọ́ sí apá iwájú Ìlú Èèwọ̀, ọ̀rọ̀ Manchu sì kúrò lórí àwọn pátákó ibẹ̀. Puyi, olú-ọba tó gbẹ̀yìn, ṣì ń gbé ní apá ẹ̀yìn títí di ọdún 1924, wọn kò sì fọwọ́ kan ti ibẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn láti gúúsù lọ sí àríwá lónìí yóò rí ààlà náà fúnra rẹ̀. Àmì Ṣáínà nìkan ni ó wà lórí àwọn pátákó iwájú. Bí ó bá dé Ẹnubodè Qianqing, ọ̀rọ̀ Manchu yóò tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 門 tí kò ní ìwọ̀, pẹ̀lú tóótó àti òrùka rẹ̀, àwọn tó sì lè kà á kò pọ̀ mọ́.