Mijaín López, Ọ̀gá Oníjàkadì

Bí ọmọdé méjì bá ń jàkadì ní Òde Ugbò, èyí tí ó kéré jù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ wàì, á gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì mú, á sì gbé e ṣánlẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n irú ìjàkadì kan wà, Greco-Roman ni wọ́n ń pè é, tí ó ka ọgbọ́n yìí léèwọ̀. Láti ìbàdí sókè nìkan ni oníjà ti lè di ẹnìkejì rẹ̀ mú. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ gbá ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tí ó sanra jù nínú wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wọ̀n tó 130 kílógíráàmù, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì ààbọ̀ lọ! Ta ni yóò gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìdi ẹsẹ̀ rẹ̀ mú?

Mijaín López ni. Ọmọ Kúbà ni, erékùṣù tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ láyé òwò ẹrú, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lùkùmí níbẹ̀. Herradura, ní agbègbè Pinar del Río, ni wọ́n ti bí i ní 1982. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Athens, ní 2004, Michel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ṣùgbọ́n Khasan Baroev ará Rọ́ṣíà borí Mijaín, ọwọ́ òfo ni ó bá padà sílé. Ní Beijing, ní 2008, àwọn méjèèjì tún pàdé ní ìjà àṣekágbá. Mijaín ni ó gba wúrà. Ó tún gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ní Rio ní 2016, àti ní Tokyo ní 2021, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí àmì kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé kò sí ẹni tí ó borí rẹ̀ mọ́. Rıza Kayaalp, ará Tọ́kì, ṣe é ní ìdíje àgbáyé ti 2011 àti ti 2015.

Bí adájọ́ bá rí i pé oníjà kan ń fà sẹ́yìn, ó lè ní kí ó dojú bolẹ̀, kí ẹnìkejì wá dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni Mijaín ti ń mú wọn. Á so apá méjèèjì mọ́ ọn nídìí ìhà, á fún un pinpin, á sì yí i po bí ẹni ń yí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé sí etí omi.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 2024, ní Paris, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ọmọ ọdún 42. Ẹni tí ó kò ó lójú ní ìjà àṣekágbá ni Yasmani Acosta, tí ó ń jà fún Ṣílè. Ọmọ Kúbà ni Acosta náà. Wọ́n ti jọ ń kọ́ ìjà pọ̀ rí. Ẹnì kan péré ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú wá fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí Mijaín wà níbẹ̀, ta ni yóò mú Acosta? Ní 2015 ó lọ jà ní Ṣílè, kò sì bá wọn padà sílé. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn yìí.

Mijaín fi àmì mẹ́fà sí òdo borí rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó gba wúrà márùn-ún léraléra nínú eré kan náà ní Òlíḿpíìkì, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ ni ó bá gbà á, àfi òun. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láàárín pápá ìjà, gẹ́gẹ́ bí oníjàkadì tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Acosta gba fàdákà, èkíní tí Ṣílè gbà nínú ìjàkadì ní Òlíḿpíìkì.