Fọ́nrán Igi Ewédú Nínú Rẹ́sìnì: Ibo Ni Agbára Rẹ̀ Wà?

Ewé ewédú nìkan ni àwa ń fi ìjábẹ̀ já; igi rẹ̀, ààtàn ló ń lọ. Ní Bangladesh àti ìlà-oòrùn Íńdíà, igi náà gan-an ni àgbẹ̀ ń wá. Wọ́n á jẹ́ kó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n á gé e, wọ́n á rì í sómi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta títí èèpo rẹ̀ yóò fi rà, wọ́n á wá bó fọ́nrán gígùn kúrò lára rẹ̀. Irú fọ́nrán yìí ni wọ́n fi ń hun àpò kòkó. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń tò sínú rẹ́sìnì láti fi ṣe pátákó àti inú ilẹ̀kùn mọ́tò.

Rẹ́sìnì ni nǹkan olómi tí àwọn tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ṣe máa ń pò, tó ń dì gbagidi. Ó le, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó là nìyẹn. Fọ́nrán ní tirẹ̀ yi, kì í tètè já, àmọ́ kò lè dá dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Rẹ́sìnì ń di fọ́nrán mú sójú kan, ó ń pín ẹrù fún wọn; fọ́nrán ló ń ru ẹrù náà. Bí rẹ́sìnì bá sán níbì kan, fọ́nrán tó dábùú ibẹ̀ kì í jẹ́ kó là kọjá.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu agbára àpapọ̀ wọn. Èkíní ni bí a ṣe to fọ́nrán. Ibi tí fọ́nrán kọjú sí ni agbára wà. Bí a bá fà á níbùú, rẹ́sìnì nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò ó ní ìpele: ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú. Èkejì ni iye fọ́nrán. Bó bá kéré, kò ní ran rẹ́sìnì lọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, rẹ́sìnì kò ní rin ín tán, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti là.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: bí fọ́nrán àti rẹ́sìnì ṣe di ara wọn mú. Fọ́nrán ewéko fẹ́ràn omi, rẹ́sìnì kò fẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí ẹrù bá wúwo, fọ́nrán lè yọ láìjá, bí ọ̀bẹ ṣe ń yọ nínú èèkù tó dẹ̀. Wọ́n máa ń fi kọ́sítíìkì sódà, tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa, fọ ọ̀rá àti àlẹ̀mọ́ ara fọ́nrán kúrò, kí ara rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka, kí rẹ́sìnì lè rí ibi dì mọ́. Síbẹ̀, bí omi bá ráyè wọlé létí pátákó, fọ́nrán á wú. Bó bá gbẹ, á súnkì, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀.

Fáíbà gíláàsì, irú èyí tí wọ́n fi ń tún bọ́ńpà ṣe, lágbára ju fọ́nrán ewédú lọ, omi kì í sì í tètè ràn án. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi kóró ṣúgà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú, lóòró àti ní gíga, ti gíláàsì á wọn nǹkan bíi gíráàmù 2.5, ti ewédú á wọn bíi 1.5. Níbi tí ẹrù kò ti pọ̀, fífúyẹ́ yìí ló ń mú kí wọ́n yan ewédú. Kì í ṣe ewédú nìkan ni wọ́n ń lò báyìí: láti 1957 títí di 1991 ni wọ́n fi pàǹtí òwú àti rẹ́sìnì ṣe ara mọ́tò Trabant ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, nítorí irin wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́nrán ewéko ṣe nǹkan, kó má wo bí fọ́nrán ṣe yi tó nìkan. Bí rẹ́sìnì ṣe dì í mú ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.